Èwo Ni Kí N Rà Fún Ọmọ? Ìfiwéra Ìjókòó Ọmọdé àti Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Fún Ará Ìbàdàn

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwòrán méjì wọlé sórí WhatsApp mi. Ìyá Tèmídayọ̀, aládùúgbò wa l'Ákòbọ̀, ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ìjókòó ọmọdé méjì ni. Ọ̀kan dúdú, ó tóbi bí àga ọba. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó kéré, ó sì ní ọwọ́ tí èèyàn lè fi gbé e bí apẹ̀rẹ̀. Abẹ́ àwòrán ló kọ ọ́ sí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kí n mú? Iye kan náà ni wọ́n pe méjèèjì."

Mo bi í ní nǹkan mẹ́ta: kílò mélòó ni ọmọ wọ̀n, ọkọ̀ wo lẹ ń lò, ibo ni wọ́n ti kó ọkọ̀ náà wá? Ó ní ti ọmọ àti ti ọkọ̀ yé òun, ṣùgbọ́n kí ló kan ibi tí ọkọ̀ ti wá nínú ọ̀rọ̀ ìjókòó ọmọ?

Ó kàn án gan-an. Èmi kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, mi ò sì ń ta ìjókòó. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọ̀kan oṣù mẹ́jọ, ọ̀kan ọdún mẹ́rin, àti ẹ̀gbọ́n wọn tó ti pé ọdún mẹ́jọ. Mo ti ra èyí tó bá ọkọ̀ mu, mo ti ra èyí tí kò bá a mu, ọ̀kan sì wà lẹ́yìnkùlé wa báyìí tí ajá ń sùn lé lórí.

Itan ìyá àti ìjókòó ọmọ

Ká tó fi ìjókòó wé ìjókòó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi í wé ohun tí gbogbo wa ti ń lò tipẹ́, ìyẹn itan ìyá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ de àkọ́bí mi mọ́ ìjókòó rẹ̀, ìyá ọkọ mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ìyàwó, kí lọmọ yìí ṣe tó o fi dè é bí àgbò iléyá?" Wọ́n ní orí itan àwọn ni ọkọ mi jókòó sí láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, kò sì já bọ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò já bọ́ torí pé ọkọ̀ náà kò kọlu nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan kì í ṣe ọkọ̀ tó ń sáré. Ní Ring Road láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn á máa fọn fèrè fún un pé kó kúrò lọ́nà. Bí ọkọ̀ yẹn bá forí sọ ògiri, ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n ohun tí a kò dè nínú rẹ̀ kò ní dúró. Ọmọ tó wọ̀n kílò 10 lè fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹrù kílò 200 sí 300. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Ta ni nínú wa ló lè fi ọwọ́ méjì gbá àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin mú lójijì, ká má tíì sọ mẹ́fà? Ẹni tó bá jábọ́ láti ibi tó ga tó mítà 10 á fi eré kan náà kanlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ kìlómítà 100, bí a ṣe ń sá a lọ́nà Èkó, ó di bíi mítà 39. Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀, mítà 105 ni gíga rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tó wá fò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà wà nínú ewu, torí ìwọ̀n ìyá lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Bákan náà ni bẹ́líìtì kan ṣoṣo tí a fi de ìyá àti ọmọ pọ̀. Ó jọ ààbò lójú, ṣùgbọ́n ọmọ ló wà láàárín, bẹ́líìtì níwájú, ìyá lẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ata sáàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, nínú ìfiwéra yìí, ìjókòó tó wà láàyè rẹ̀, bó ti wù kó kéré lówó tó, sàn ju itan lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ni èwo nínú àwọn ìjókòó.

Kó kọjú sẹ́yìn, àbí kó kọjú síwájú?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó pa òwe yìí ti wo ọrùn ọmọ tuntun dáadáa. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, ó sì wúwo fún ọrùn tó gbé e. Eegun ọrùn náà kò tíì le, iṣan rẹ̀ kò tíì di. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọjú síwájú tí ọkọ̀ wá dúró lójijì, okùn á di èjìká rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó di orí mú. Orí á máa lọ síwájú, ọrùn á sì máa fà.

Bó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìjókòó ló máa gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ tuntun: àtẹ́lẹwọ́ kan á wà lábẹ́ orí títí dé èjìká, ọmọ á sì sùn lé e. Iṣẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn ń ṣe.

Títí dìgbà wo? Òfin tuntun ti Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní i-Size kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú kó tó kọjá oṣù 15. Ní Súwídìn, ọ̀pọ̀ òbí ló ń jẹ́ kó kọjú sẹ́yìn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kì í dárúkọ ọjọ́ orí mọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó máa kọjú sẹ́yìn títí á fi dé ìwọ̀n tó ga jù tí ilé iṣẹ́ kọ sára ìjókòó. Ní tèmi, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì tó yí i síwájú ti kánjú.

Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọmọ ń kan ẹ̀yìn àga. Ẹ jẹ́ kó kàn án. Ọmọ tó ń ká ẹsẹ̀ lórí ẹní láti àárọ̀ kò ní rojọ́ nítorí ìyẹn. Orí ni kẹ́ ẹ wò: tí òkè orí bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ péré kó kan òkè ìjókòó, ó ti tóbi jù ú nìyẹn.

Ibí ni àpẹẹrẹ Ìyá Tèmídayọ̀ ti wọlé. Èyí tó dà bí apẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ló máa ń kọjú sí. Ti Yúróòpù sábà máa ń gba ọmọ títí dé kílò 13. Ó dáa fún ọmọ tuntun, ẹ lè gbé ọmọ tó ti sùn kúrò nínú ọkọ̀ wọlé láì jí i (ẹni tó bá ti jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn mọ bí ìyẹn ṣe níye lórí tó), ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ọmọ fi ń tóbi jù ú. Èyí tó tóbi ń kọjú sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà a lè yí i síwájú. Tó bá jẹ́ pé owó ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, èyí tó ń kọjú sẹ́yìn tó sì tún ń yí síwájú yìí ni mo máa ní kẹ́ ẹ rà, tí okùn rẹ̀ bá lè sọ̀ kalẹ̀ tó fún ọmọ tuntun. Bí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, okùn gbọ́dọ̀ ti ibi èjìká tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Bó bá kọjú síwájú, ibi èjìká tàbí òkè rẹ̀.

Okùn náà ńkọ́? Ẹ fi ìka méjì fún un ní èjìká bí ẹni ń ja ọmọ léèékánná. Tẹ́ ẹ bá rí aṣọ okùn fún ká pọ̀, ó ṣì dẹ̀, ẹ tún fà á. Nígbà ọyẹ́, súwẹ́tà tó wú gbọ̀nǹgbọ̀n á jẹ́ kó dà bíi pé okùn ti fún, kò fún rárá. Ẹ bọ́ súwẹ́tà, ẹ de ọmọ, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ ìpọ̀nmọ bò ó láti òkè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, tí ọkọ̀ bá ti wà lóòrùn, ẹ fọwọ́ kan irin ìdè kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lé e. Ó ti jó itan ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan rí, àṣá ló sì gbọ́ igbe rẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ló wà níbí

Èyí ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, mo fi ìyà kọ́ ọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston fi ìjókòó kan ránṣẹ́ sí wa nígbà tí a bí èkejì. Tuntun ni, inú páálí ló wà. Nissan kékeré kan tí wọ́n kó wá láti Bẹ́líjíọ̀mù là ń gùn nígbà náà. Ọkọ mi ki bẹ́líìtì ọkọ̀ gba ibi tí ìwé ní kó gbà, ó fi orúnkún tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀, ó fà á le, ó gbá ọwọ́ nù. A gbéra. A dé kọ́nà Mọ́kọ́lá, ọmọ àti àga rẹ̀ rọra tẹ̀ sápá ọ̀tún bí ọkọ̀ ojú omi. Kò tú, kò já, ó kàn tẹ̀. A dá a padà. A dé Sáǹgo, ó tún tẹ̀ sósì. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Bẹ́líìtì tí àgbàlagbà ń wọ̀ kì í há nígbà gbogbo. A lè rọra fà á ká nawọ́ mú nǹkan, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì ló ń há. Ṣùgbọ́n ìjókòó ọmọ fẹ́ bẹ́líìtì tó há pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà yanjú ọ̀rọ̀ yìí sára ọkọ̀: láti bí ọkọ̀ ọdún 1996, bẹ́líìtì èrò inú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní bí a ṣe ń há a mọ́ ìjókòó ọmọ. Àwọn ará Yúróòpù yanjú tiwọn sára ìjókòó ọmọ fúnra rẹ̀, ibi tí a ó há bẹ́líìtì sí ti wà lára rẹ̀. Ìjókòó wa wá láti ibi tí ọkọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ọkọ̀ wa sì wá láti ibi tí ìjókòó ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tó há nǹkan kan.

Ẹ dán ti yín wò lónìí. Ẹ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ rọra fa bẹ́líìtì jáde títí tí kò fi ní sí mọ́. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tó bá ń padà wọlé, ẹ ó sábà máa gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tún fẹ́ fà á, kò ní gbà, àfi tó bá padà wọlé tán. Ohun tí ìjókòó ọmọ fẹ́ nìyẹn. Tí kò bá dún, tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́, ẹ wá ìjókòó tó ní ìhá tirẹ̀. Àwọn ìjókòó Amẹ́ríkà kan náà ní in, kì í ṣe gbogbo wọn. Irin pẹlẹbẹ kan tún wà tó rí bíi lẹ́tà H, tí a fi ń há apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì pọ̀ nítòsí ẹnu rẹ̀. Tiwa wà lẹ́yìn ìjókòó látilẹ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí páálí ni, mo yọ ọ́ dànù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì lórí ìsọ̀:

| | Ti Amẹ́ríkà | Ti Yúróòpù |
|---|---|---|
| Àmì ara rẹ̀ | Ìwé tó dárúkọ Federal Motor Vehicle Safety Standards | Ìwé aláwọ̀ ọsàn tó ní E nínú òbìrí, pẹ̀lú R44 (òfin àtijọ́) tàbí R129 (i-Size) |
| Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n | Lb (kílò kan jẹ́ lb 2.2) | Kílò fún R44, gíga ní sẹ̀ǹtímítà fún R129 |
| Okùn àyà | Ó ní ìdè kékeré tó yẹ kó bá abíyá dọ́gba | Kì í sábà ní in |
| Ìhá bẹ́líìtì | Ó sábà gbójú lé ọkọ̀ | Ó sábà wà lára ìjókòó |
| Ọkọ̀ tó bá a mu jù | Corolla, Camry, Sienna àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá | Ọkọ̀ tó ti Bẹ́líjíọ̀mù, Jámánì tàbí Nẹ́dálándì wá |

Ìjókòó Yúróòpù máa ń ṣe é lò nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ kàn rí i dájú pé bẹ́líìtì gùn tó. Èyí tó dà bí apẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ bẹ́líìtì gan-an, torí ó máa ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ẹ gbé e lọ sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń tà á tí kò gbà kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Irin Isofix, tí a fi ń so ìjókòó ọmọ mọ́ ọkọ̀ dípò bẹ́líìtì, ńkọ́? Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ní irin kékeré méjì sí àárín ibi tí a fi ẹ̀yìn tì àti ibi tí a jókòó lé, ní ààyè méjì lẹ́yìn. LATCH ni wọ́n ń pe tiwọn. Ẹ ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ẹ ó kàn án. Ìṣòro tiwa n'Íbàdàn ni pé tí ọkọ̀ bá ti dé, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán awọ síìtì, wọ́n á sì rán awọ bo irin náà mọ́lẹ̀. Ẹnu bẹ́líìtì ẹ̀yìn pàápàá, wọ́n á kì í sábẹ́ síìtì kó má baà "ba ẹwà jẹ́". Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dá ojú sí i.

Irin náà kò lágbára ju bẹ́líìtì lọ, ó kàn rọrùn láti lò láìṣì í lò ni. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ má lo méjèèjì pọ̀ àfi tí ìwé ìjókòó bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n ọmọ àti ti ìjókòó bá ti sún mọ́ kílò 29 lápapọ̀, bẹ́líìtì ló kù. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ di ìjókòó mú níbi tí bẹ́líìtì ti kọjá, kẹ́ ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ.

Tuntun àti tòkunbọ̀

Tuntun dáa, tòkunbọ̀ náà kì í ṣe èèwọ̀. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ wá, tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí nínú ìjàǹbá rí, mo máa gbà á tayọ̀tayọ̀. Ti orí ìsọ̀ ló gba sùúrù, torí ìjókòó tó ti wà nínú ìjàǹbá lẹ́ẹ̀kan lè sán nínú láìhàn síta.

Ẹ dà á dojú dé. Ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ló sábà máa ń jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Lára ti Yúróòpù, ẹ wá òbìrí kékeré tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ike, tó ní ọfà nínú bí aago: ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Lórí ìwé ọsàn R44, ẹ wo nọ́ńbà ìfọwọ́sí: kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 03 tàbí 04. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01 tàbí 02, Yúróòpù ti lé e kúrò lójú ọ̀nà wọn láti 2008, ẹ má jẹ́ kó wá fẹ̀yìn tì sọ́dọ̀ wa. Èyí tí wọ́n ti ya ìwé ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí okùn rẹ̀ ti ṣá, tó ń tú bí òwú, ẹ fi sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ti ajá wa.

Bẹ́ ẹ ṣe ń yẹ ìjókòó wò, ẹ yẹ ọkọ̀ náà wò. Ẹ fa bẹ́líìtì pẹ́kẹ́, kó há mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, iná àpò afẹ́fẹ́ (airbag, tó máa ń wú tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kó sì kú. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ ọ́, ẹ bi rewáyà ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ tí àpò rẹ̀ ti bú lókè òkun, bẹ́líìtì rẹ̀ náà sábà máa ń ti ṣiṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Ẹ má fi bẹ́líìtì tòkunbọ̀ míì pààrọ̀ rẹ̀, torí èyí tó ti fà rí nínú ìjàǹbá kì í padà bọ̀ sípò.

Búsítà àti bẹ́líìtì àgbà

Bẹ́líìtì tó ń di èjìká àti ìbàdí pọ̀, Nils Bohlin ní ilé iṣẹ́ Volvo ló ṣe é lọ́dún 1959, Volvo sì gbà kí gbogbo ayé lò ó. Ara àgbàlagbà ló fi wọ̀n ọ́n. Lára ọmọ ọdún márùn-ún, apá òkè á máa bẹ́ lọ sí ọrùn, apá ìsàlẹ̀ á gun ikùn, níbi tí ìfun wà tí kò sí eegun tó bò ó. Iṣẹ́ búsítà, ìyẹn àga kékeré tí ọmọ ń jókòó lé lórí síìtì, kò ju kó gbé ọmọ sókè débi tí bẹ́líìtì á fi bọ́ sórí eegun. Ìrọ̀rí kò lè ṣe é: á tẹ̀, á yọ̀, ọmọ á sì yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́rin mi kò tíì bọ́ sórí búsítà, inú ìjókòó olókùn ló ṣì wà, ibẹ̀ ló sì máa wà títí ìwọ̀n rẹ̀ fi máa kọjá ohun tí ìjókòó gbà. Búsítà tó ní ẹ̀yìn sàn fún ọmọ tó máa ń sùn lójú ọ̀nà, ó ń gba orí, ó sì ń tọ́ bẹ́líìtì sọ́nà. Èyí tí kò lẹ́yìn kò wọ́n, kò wúwo, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọkọ̀ tí síìtì rẹ̀ ní ibi ìgbórílé. Kò sí èyí nínú méjèèjì tó gbọ́dọ̀ bá bẹ́líìtì ìbàdí nìkan lọ, irú èyí tó máa ń wà láàárín ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ àtijọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn kórìíra tirẹ̀. "Màámi, ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?" Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí igi ilẹ̀kùn yàrá ní sẹ̀ǹtímítà 145, mo ní ọjọ́ tórí rẹ̀ bá kàn án, a ó jọ dán bẹ́líìtì wò: ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ síìtì, orúnkún á tẹ̀ létí síìtì, bẹ́líìtì òkè á gba àárín èjìká, ti ìsàlẹ̀ á wà lórí eegun ìbàdí, á sì lè jókòó bẹ́ẹ̀ dé ibi tí à ń lọ láì yọ́ sílẹ̀. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 14. Ó ti ń wọ bàtà lọ dúró tì í.

Iwájú àti ẹ̀yìn

Ẹ̀yìn ni fún gbogbo ọmọ tí kò tíì ju ọdún 12 lọ. Ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ sí níwájú àpò afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láéláé: kí èèyàn tó ṣẹ́jú ni àpò á ti wú, ẹ̀yìn ìjókòó ló máa gbá, ibẹ̀ sì ni orí ọmọ wà. Aláboyún náà ní láti wọ bẹ́líìtì: apá ìsàlẹ̀ sí abẹ́ ikùn lórí ìbàdí, apá òkè sáàárín ọmú méjèèjì. Ẹ̀yin bàbá tó ń lọ òde, ẹ ká agbádá sókè, kí bẹ́líìtì gba abẹ́ rẹ̀. Lórí agbádá, á dẹ̀ jù.

Mo sì rí àwọn awakọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá rí àwọn Road Safety lókèèrè ni wọ́n máa fa bẹ́líìtì wá sáyà, wọ́n á fọwọ́ dì í mú, tí wọ́n bá ti kọjá wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ló ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò yẹ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni a ó ti máa bá bẹ́líìtì ṣeré bojúbojú.

Ẹni tó ń wọ Micra

Ọ̀pọ̀ wa kò lọ́kọ̀. Micra tó há èèyàn méjì mọ́ síìtì iwájú kan, kòròpé tí a ti yọ bẹ́líìtì rẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kò ní in rárá: kí la fẹ́ fi wéra níbẹ̀?

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Bí mo bá wà pẹ̀lú àkọ́bí, mo máa ń san owó ìjókòó kan fún un, mo máa ń mú etí fèrèsé lẹ́yìn, mo sì máa ń ní kí dírẹ́bà bá mi wá ẹnu bẹ́líìtì jáde lábẹ́ síìtì. Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wá a. "Ìyá oyinbo," ọ̀kan pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìwó Road, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀ kó tó fún mi. Búsítà aláìlẹ́yìn wọ inú báàgì Ghana Must Go dáadáa. Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn kí n tó wọlé, tí ọ̀nà bá sì jìn, mo máa ń pe ọkọ̀ lórí fóònù, kí n lè ráàyè de apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó wọ́n ju Micra lọ. Láàárín kẹ̀kẹ́ àti Micra tó ní bẹ́líìtì lẹ́yìn, Micra ni mo máa mú. Láàárín Micra àti ọ̀kadà pẹ̀lú ọmọ, ìbéèrè kọ́ nìyẹn.

Ìyá Tèmídayọ̀ ńkọ́? Ọmọ oṣù márùn-ún, kílò méje. Corolla 2005, Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹ̀ tọ́ka sí àga ọba dúdú yẹn, mo sì ti fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi dojú rẹ̀ dé. Ó ya àwòrán abẹ́ rẹ̀ wá: ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, Kejìlá 2019. Ó gbé aláwọ̀ eérú wọnú ọkọ̀, bẹ́líìtì yí i ká, ó ṣẹ́ kù bí ìbú ọwọ́ kan. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04, ọfà ara ike ní ọdún mẹ́ta péré ló tíì lò. Ó sanwó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó tún kọ̀wé sí mi: àbúrò rẹ̀ ti lóyún, ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú apẹ̀rẹ̀ náà tí Tèmídayọ̀ bá tóbi jù ú. Mo ní kó má gbàgbé láti tọ́jú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú.